Ẹ Kọ́kọ́ Wá "and": Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì Tó Dọ́gba

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wá pé kí n bá òun wò ó bóyá ó dúró dáadáa, ibi tí ojú mi kọ́kọ́ ń lọ ni "and." Bí kò bá sí "and," mo máa ń wá "or", bí ìyẹn náà kò bá sí, mo máa ń wá "but" tàbí "than." Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó ń wá olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré tó so nǹkan pọ̀ yẹn ló máa ń sọ ohun tí ẹni tó kọ gbólóhùn náà ní lọ́kàn, ibẹ̀ náà sì ni gbólóhùn ti máa ń wó jù.

Iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́, nítorí pé dandan ni Use of English fún gbogbo wọn, ìbéèrè 60 ló sì ní nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40-40. Àwọn àgbà náà ń wá: nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, òṣìṣẹ́ báǹkì tó fẹ́ lọ kàwé sí i lókè òkun, ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Gbogbo wọn pátá ni ohun tí àwa olùkọ́ ń pè ní "parallel structure" máa ń dà láàmú. Ohun tó jẹ́ kò ju èyí lọ: bí ọ̀rọ̀-asopọ̀ bá so nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni kí gbogbo wọn máa ṣe nínú gbólóhùn, kí ìrísí wọn sì bára mu níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí gbólóhùn oníìlà mẹ́ta bá dé iwájú rẹ̀ ni yóò rí i pé mímọ̀ ọ́n lẹ́nu yàtọ̀ sí rírí i lójú ìwé.

Ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní, torí pé etí wa ti mọ nǹkan yìí kí á tó dé ilé-ìwé. Ẹ wo òwe tí àwọn àgbà máa ń pa: "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Ẹ gbé apá kìíní lé apá kejì, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe bára dé. Ibi tí "rere" wà nínú èkíní ni "búburú" wà nínú èkejì. Obì dojú kọ ọfà, àpò dojú kọ apó. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọmọ Yorùbá kan ní gírámà kó tó mọ̀ pé òwe yìí dùn létí.

Ìwúre tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àgbàlagbà bá dìde níbi ìkómọ, tó ní "Ẹ ó bímọ, ẹ ó kọ́lé, ẹ ó ra mọ́tò," àmín á máa tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe ń wí i. Kí ẹnìkan wá sọ pé "Ẹ ó bímọ, ẹ ó kọ́lé, àti mọ́tò rírà." Àmín kẹta ò ní jáde. Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń tọrọ, síbẹ̀ gbogbo ilé ló máa yíjú wò ó.

Kí ló wá dé tí ọmọ tí etí rẹ̀ mọ́ tó báyìí fi ń kọ "She likes cooking, sewing and to dance"? Ohun tí mo rí látinú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà. "Jó" ni lónìí, "jó" ni lánàá, "jó" náà ni yóò jẹ́ lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó yí i ká ló ń sọ ìyókù. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan lè di "dance," "to dance," "dancing," "danced" tàbí "dances," ọmọ náà á sì rò pé èyíkéyìí ló lè bọ́ síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ijó ò tíì kúrò ńlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ìwúre bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n wúre fún ara wọn ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí wọ́n ba ìwúre ọ̀hún jẹ́ fún mi. Bí wọ́n bá ti lè bà á jẹ́, tí wọ́n sì lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́, ẹ̀kọ́ ti dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kọ èyí sójú pátákó:

"The manager told the drivers to wash the buses, check the tyres and that they should report any fault before noon."

Bí mo bá kàn sọ pé kí wọ́n wá àṣìṣe, ojú wọn á máa sá káàkiri. Àwọn kan á mú "tyres," pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í kọ ọ́ báyẹn. Àwọn mìíràn á mú "told." Mo wá máa ń ní kí wọ́n fi ìka lé "and," kí wọ́n sì kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun tó wà lọ́tùn-ún "and" kì í ju ẹyọ kan lọ, ó sì máa ń sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ohun tó wà lósì lè jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sì ti há sáàárín wọn. Ẹni tó bá ti òsì bẹ̀rẹ̀ á sọnù. Ẹni tó bá ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ti mọ ohun tó ń wá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Kí ló wà lọ́tùn-ún níbí? "That they should report." Ó dáa. Ẹ padà sí òsì, kí ẹ wá irú rẹ̀. "To wash" la rí, "check" la rí. Kò sí "that they should" kankan níbẹ̀. Àṣìṣe ti fojú hàn nìyẹn. Kó tó dá wọn lójú pátápátá, bébà ló kù. Mo máa ń ní kí wọ́n fi bébà bo àwọn ẹ̀ka tó kù, kí wọ́n ka ìdí gbólóhùn náà pẹ̀lú ẹ̀ka kan ṣoṣo, sókè ketekete. "The manager told the drivers to wash the buses." Ó dúró. "The manager told the drivers to check the tyres." Ó dúró. "The manager told the drivers to that they should report any fault." Kíláàsì á pariwo. Ẹ yọ "that they should" kúrò, kó ku "report" nìkan, gbogbo rẹ̀ á sì lọ geerege.

Kíkà á sókè yìí ni mi ò fi ń ṣeré. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ojú nìkan wá àṣìṣe, ojú sì máa ń fo ohun tó bá ti mọ́ ọn lára. Etí kì í tètè fò ó. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ pariwo, kí wọ́n máa mi ètè wọn wúyẹ́wúyẹ́. Ó tó.

"To" nìkan tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ lè fi ẹyọ kan síwájú kí gbogbo ẹ̀ka jọ pín in: "to wash the buses, check the tyres and report any fault." Ẹ sì lè fún olúkúlùkù ní tirẹ̀: "to wash, to check and to report." Èyí tí kò dáa ni kí ẹ fún àkọ́kọ́, kí ẹ fo èkejì, kí ẹ tún wá fún ẹ̀kẹta. Mo máa ń fi ìbúra orílẹ̀-èdè wa ṣàlàyé èyí, èyí tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ti ń kà láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adébọ̀lá Adédoyin kọ lọ́dún 1976. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wo inú rẹ̀ rí:

"I pledge to Nigeria my country, to be faithful, loyal and honest, to serve Nigeria with all my strength, to defend her unity and uphold her honour and glory, so help me God."

"And" mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Ẹ fi ìka lé àkọ́kọ́: "honest" ló wà lọ́tùn-ún, "loyal" àti "faithful" ló wà lósì. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́ta nìyẹn, abẹ́ "be" ni gbogbo wọ́n wà. Ẹ bọ́ sórí èkejì: "uphold" ló wà lọ́tùn-ún. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe ni ká wá lósì, ká sì fo "unity" kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ "and" jù. "Defend" ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀kẹta wá so "glory" mọ́ "honour," ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ, méjèèjì sì wà lábẹ́ "uphold."

Ibi "and" kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ láti dúró lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sọ pé ó yẹ kó jẹ́ "to uphold," nítorí pé "to" ló bẹ̀rẹ̀ àwọn ìyókù. Mo máa ń ní kí wọ́n ka iye ẹ̀jẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi "to" síwájú "uphold," ẹ̀jẹ́ á di mẹ́rin. Bó ṣe wà yìí, mẹ́ta ni: láti jẹ́ ènìyàn báyìí, láti sin ilẹ̀ náà, láti dúró tì í. Dídáàbò bo ìṣọ̀kan rẹ̀ àti gbígbé iyì rẹ̀ ga jọ wà nínú ẹ̀jẹ́ ẹ̀kẹta, wọ́n sì jọ pín "to" kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí ìyẹn ti kúrò ní ẹni tó ń ṣọ́ àṣìṣe. Ó ti ń ka ohun tí òǹkọ̀wé ń rò.

Ẹ ó sì ti rí i pé àwọn "to" mẹ́ta ńláńlá yẹn gan-an kò ní "and" kankan láàárín wọn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láti sọ lójú agbo. Gbogbo ọmọ tó bá ti ṣe Civic Education ló mọ "government of the people, by the people, for the people" tí Abraham Lincoln sọ ní Gettysburg ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1863. Kò sí ọ̀rọ̀-asopọ̀ níbẹ̀. "The people" tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹta ló ń so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀-atọ́kùn nìkan ló sì ń yí padà, "of," "by," "for," kí etí lè gbá ohun tó yí padà mú. Níbi tí "and" ò bá ti sí, ohun tó ń tún ara rẹ̀ wí ni kí ẹ wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn ìwé gírámà kan ò ti bára mu ni ti "-ing." Wọ́n á kọ́ ọmọ pé bí àkọ́kọ́ bá parí sí "-ing," kí gbogbo rẹ̀ parí sí "-ing," wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà á wá di ẹni tó ń wá lẹ́tà mẹ́ta káàkiri ojú ìwé. Lẹ́tà yẹn kò yàtọ̀ sí aṣọ ẹbí. Ọ̀rẹ́ ìyàwó lè ra aṣọ ẹbí, aládùúgbò lè rà á, kò sọ wọ́n di ẹbí. Bàbá ìyàwó sì lè wọ agbádá tó wù ú, bàbá ìyàwó ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ni kí á wò kí á tó wo ohun tó wọ̀.

Nígbà tí GMAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ lọ kàwé okòwò ní yunifásítì, ṣì ní apá tí wọ́n ń pè ní Sentence Correction, kí wọ́n tó yọ ọ́ nínú ẹ̀dà tuntun tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, òṣìṣẹ́ báǹkì kan wà tí mo ń kọ́ nírọ̀lẹ́. Ó já fáfá gan-an, ó sì ti kọ́ ara rẹ̀ láti máa mú kí gbogbo nǹkan bára dọ́gba. Mo gbé èyí fún un:

"The flood swept through the market, destroying the stalls and carrying away the goods."

Ojú ẹsẹ̀ ló yí i padà sí "swept, destroyed and carried." Ó ní, "Tíṣà, ṣebí ohun mẹ́ta ni. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí á tún wò ó. Ṣé omi náà kọ́kọ́ gba inú ọjà kọjá, ó wá padà wá ba ìsọ̀ jẹ́, ó tún wá kó ọjà lọ? Àbí bó ṣe gba ibẹ̀ kọjá náà ló ṣe ba nǹkan jẹ́?" Ọmọ Ìbàdàn ni, àwọn òbí rẹ̀ sì ti sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 fún un dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun kan ṣoṣo ni omi ṣe, ìyókù wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. "Destroying" àti "carrying" dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, "and" tó wà láàárín wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò dọ́gba pẹ̀lú "swept," abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Èyí tí òun kọ kò burú ní gírámà, ṣùgbọ́n ó gbé ohun tó jẹ́ ọmọ sí ipò ìyá, ìtàn náà sì ti yí padà díẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, èyí tí ìrísí yàtọ̀ síra ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Gírámà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí IELTS fi ń díwọ̀n ìwé kíkọ, nítorí náà àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń ṣọ́ra títí tí wọn á fi máa fagi lé ohun tó dáa. Ọ̀kan nínú wọn kọ "The old man climbed the stairs slowly and with great care," ó sì fagi lé e fúnra rẹ̀ nítorí pé "slowly" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "with great care" sì jẹ́ àpólà ọlọ́rọ̀ mẹ́ta. Mo ní kó lo bébà. "Climbed the stairs slowly." "Climbed the stairs with great care." Méjèèjì ń sọ bí bàbá ṣe gun àkàsọ̀, méjèèjì dúró. Bákan náà ni "The meeting was long, tiring and of no use to anyone." Kò sí ohun tó ṣe é.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń rìn ní méjì-méjì, "both" pẹ̀lú "and," "either" pẹ̀lú "or," "not only" pẹ̀lú "but also," kò ní kí n pẹ́ lórí wọn. Ohun tó bá tẹ̀lé àkọ́kọ́ ni kí irú rẹ̀ tẹ̀lé èkejì. "He not only speaks Yoruba but also Hausa" kò dọ́gba, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀lé "not only," orúkọ èdè ló sì tẹ̀lé "but also." Ẹ ti "not only" kọjá ọ̀rọ̀-ìṣe, ó parí: "He speaks not only Yoruba but also Hausa."

"Than" ló ń fara pamọ́ jù. "The rent in Lagos is higher than Ibadan" ni mò ń rí lójoojúmọ́. Owó ilé ni wọ́n fi ń wé odindi ìlú. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ìyá yín nílé, ẹ ó ní owó ilé Èkó wọ́n ju ti Ìbàdàn lọ, owó ilé á sì dojú kọ owó ilé. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì: "higher than that in Ibadan."

Ibi tí àìdọ́gba yìí ti ń ná àwọn ènìyàn lówó tí wọn ò fura ni CV. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá, ó kọ iṣẹ́ tó ṣe síbi tó ti kúrò báyìí: "Managed a team of sales staff. Responsible for monthly stock records. I was also training new employees." Iṣẹ́ gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣe wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka CV rẹpẹtẹ lójúmọ́ ní láti dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí: ọ̀rọ̀-ìṣe ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ àpèjúwe, lẹ́yìn náà odindi gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "I." Mo ní kó fi ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: "Managed a team of sales staff. Kept monthly stock records. Trained new employees." Kò sí "and" níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan tí a bá ti tò sábẹ́ ara wọn, òfin kan náà ló ń darí wọn. Ó wò ó títí, ó ní ó dà bíi pé iṣẹ́ tí òun ṣe ti pọ̀ sí i.

Fún àwọn tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé lásán ni gbogbo èyí, ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń sọ fún wọn. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé wàrà kiri fún ilé-iṣẹ́ Oakhurst Dairy ló pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé wọn ò san owó ófátáìmù àwọn. Òfin Maine ka àwọn iṣẹ́ kan tí kò ní ófátáìmù, bó sì ṣe kọ wọ́n nìyí: "The canning, processing, preserving, freezing, drying, marketing, storing, packing for shipment or distribution of" irè oko, ẹran àti ẹja, àti oúnjẹ tó lè tètè bàjẹ́.

Ẹ fi ìka lé "or." "Distribution" ló wà lọ́tùn-ún. Ta ni ẹnìkejì rẹ̀ lósì? Bó bá jẹ́ "shipment," a jẹ́ pé iṣẹ́ dídì ẹrù ni òfin ń sọ, ìbáà jẹ́ dídì fún kíkó ránṣẹ́ tàbí dídì fún pípín. Àwọn awakọ̀ kì í di ẹrù, wọ́n kàn ń pín in ni, owó ófátáìmù wọn sì tọ́ sí wọn. Bó bá jẹ́ "canning," "processing" àti àwọn yòókù ni ẹnìkejì rẹ̀, a jẹ́ pé pípín ẹrù dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, àwọn awakọ̀ ò sì ní owó kankan láti gbà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló pariwo pé kọ́mà tí kò sí ṣáájú "or" ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, òótọ́ sì ni pé kọ́mà ì bá ti parí rẹ̀. Àmọ́ ìlànà tí Maine fi ń kọ òfin ní kí wọ́n má fi kọ́mà síbẹ̀, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò lè jẹ́rìí gbe ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní "shipment" àti "distribution" jọ ara wọn jù kí òfin tó tò wọ́n pọ̀ sábẹ́ dídì ẹrù. Wọ́n tún ní bó bá jẹ́ "packing" ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn, níbo ni "or" tirẹ̀ wà? Àwọn awakọ̀ ní kí ilé ẹjọ́ wo ìrísí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn: gbogbo iṣẹ́ tí òfin kà, láti "canning" títí dé "packing," ló parí sí "-ing." "Shipment" àti "distribution" nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọra, abẹ́ "for" ni wọ́n jọ wà.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ agbègbè náà ní òfin ọ̀hún kò yé síbì kan, pé àlàyé ìhà méjèèjì ní ìtumọ̀. Níwọ̀n bí Maine sì ti ní kí wọ́n máa túmọ̀ òfin owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó máa gbe òṣìṣẹ́, wọ́n dá àwọn awakọ̀ láre, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ tó ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Nínú oṣù kejì ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là.

Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn nítorí pé kò fi "-ing" nìkan dá ẹjọ́. Ìrísí ọ̀rọ̀ gbé iyèméjì tó lágbára dìde, iyèméjì yẹn sì tó láti yí ẹjọ́ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lò ó: bí ìrísí ò bá bára mu, kí wọ́n fura, kí wọ́n wá lọ wádìí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àwọn aṣòfin Maine tún òfin wọn kọ. Wọ́n fi semicolon rọ́pò gbogbo kọ́mà, ó sì wá kà báyìí: "canning; processing; preserving; freezing; drying; marketing; storing; packing for shipment; or distributing of." Mo máa ń kọ òfin àtijọ́ àti òfin tuntun sójú pátákó fún àwọn ọmọ, kí n ní kí wọ́n sọ ohun tó yí padà. Semicolon ni gbogbo wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹnìkan tó nawọ́ pé "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ 'distribution,' wọ́n ti sọ ọ́ di 'distributing.'" Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo semicolon yẹn kúrò, kí ẹ fi ìka lé "or," kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ wá padà sí òsì: "shipment" kò jọ ọ́ mọ́, "packing" ni ìka yín máa dúró lé.